Ọmọ Yunifásítì Tó Ń Ta Ayò ní Wọ́ọ̀dù Ọmọdé: Ọ̀rọ̀ Náà Kan Àpò Ẹgbẹ́ Wa

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé tó kọjá mọ ohun tó gbé mi dìde kọ̀wé lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ kò wá ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó wá, bóyá pẹ̀lú àbùmọ́ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ti rí.

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì kan. Wọ́n máa ń lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tó ní àrùn jẹjẹrẹ ní ọsibítù ńlá kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọ́n á bá àwọn ọmọ náà ṣeré, wọ́n á ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ìwé wọn, wọ́n á sì jókòó tì wọ́n kí ìyá wọn lè rí àyè mí. Wọn kì í gba owó oṣù. Owó ọkọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ wá fún, ti àwọn mẹ́fà péré, fún oṣù mẹ́fà. Mo ka lẹ́tà náà sókè. Kí n tó kà á tán, ilé ti dàrú.

Bàbá wa kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi dìde, wọ́n ní, "Akọ̀wé, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wá, a kì í ṣe ẹgbẹ́ aláàánú. Owó tí mò ń dá lóṣooṣù, mi ò dá a kí ọmọ ọlọ́mọ máa fi wọ mọ́tò lọ ta ayò." Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìyá wa kan ní àwọn kò mọ̀ pé jẹjẹrẹ ń mú ọmọdé, pé ọmú àgbà obìnrin làwọn mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹlòmíràn béèrè pé ṣé àìsàn náà kò ní ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí, kí wọ́n sì wá kó o bá wa. Kó tó di pé a yanjú ẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú, Bàbá Alága sì ní kí á gbé e di ìpàdé tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ èrò tèmi sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ lè kà á lẹ́sọ̀lẹsọ̀ nílé, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ dídùn gbá òun mú lójú agbo.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó rọrùn. Jẹjẹrẹ kì í ràn. Ẹ lè bá ọmọ náà jẹun, ẹ lè gbé e mọ́ra, kò sóhun tí yóò ṣe yín. Àwọn ọmọ yẹn gan-an ló yẹ kó máa sá fún wa, nítorí pé oògùn tí wọ́n ń gbà máa ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà kù. Ọ̀fìnkìn lásán tí àwa á máa gbé kiri ọjà fún ọjọ́ méjì lè gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣánlẹ̀. Ó sì ń mú ọmọdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí 400,000 ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ogún ọdún ni jẹjẹrẹ ń mú lọ́dọọdún káàkiri ayé. Èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wà, èyí tó ń mú ọpọlọ wà, èyí tó ń mú kíndìnrín wà tí ikùn ọmọ á máa wú, èyí tó ń mú ojú náà sì wà, tí inú ẹyinjú ọmọ á máa tàn funfun bí ojú ológbò lóru. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ojú yín ń kan ọmọ púpọ̀ lóòjọ́. Bí ẹ bá rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára ọmọ oníbàárà, ẹ má fi ojú fò ó, ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó gbé e lọ fún dókítà lọ́jọ́ náà.

Ní ilẹ̀ tiwa tí ibà pọ̀ sí, èyí tó ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wọ́pọ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Denis Burkitt, ọmọ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní Kampala ní ilẹ̀ Uganda, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1958 tí aráyé fi mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Kì í ṣe àìsàn òkèèrè o. Àwọn dókítà UCH ní Ìbàdàn, ọsibítù tí wọ́n ṣí ní 1957, ti ń bá a fà á tipẹ́tipẹ́.

Èyí tó ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí ni mo mọ̀ jù, nítorí pé ó ti wọ inú ẹgbẹ́ wa rí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti fún mi láyè kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ata ló ń tà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dun òun. Wọ́n ní eyín ni. Wọ́n yọ eyín, ó tún wú. Wọ́n ní ó lọ́wọ́ ayé nínú. Wọ́n gbé e lọ síbí, wọ́n gbé e lọ sọ́hùn-ún, owó ń lọ, oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù ńlá, ojú ọ̀tún ọmọ náà ti ń yọ síta. Dókítà ní ìwòsàn wà fún un, àmọ́ ìyá ni yóò máa ra oògùn, oògùn náà kò sì ṣeé fi falẹ̀.

Ó wá bá wa fún owó yíyá. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan èmi fúnra mi, n kò sì ní fi pamọ́. Onídùúró kan péré ló wà nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, òfin wa sì ní méjì. Onídùúró kejì ti rìnrìn àjò lọ sí Kánò. Mo ní kó dúró dè é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi dúró. N kò rú òfin kankan, ìwé mi mọ́ tónítóní, ayẹ̀wéwò kankan kò lè rí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni dókítà kan wá sọ fún mi pé irú kókó yẹn lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, mo fẹ́ràn ìṣirò. Mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sórí ìwé. Kò pẹ́ tí mo fi pa ìwé náà dé.

Nígbà tí owó jáde, mo bá a lọ sí ọsibítù. Mo ní mò ń lọ wo bí wọ́n ṣe ń ná owó ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ojú ló ń tì mí. Nígbà tí mo tún padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọ náà dùbúlẹ̀, orí rẹ̀ ń dán, oògùn ti jẹ irun rẹ̀ tán, inú ẹnu rẹ̀ sì ti bó débi pé omi lásán ń ta á lára. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìjẹta. Ìyá rẹ̀ wà lórí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti lo ọjọ́ mọ́kànlá lórí àga yẹn. Ẹni tó bá fi ọmọ sílẹ̀ lọ wẹ̀, ta ni yóò pe nọ́ọ̀sì bí dírípù bá dúró? Ọjà ńkọ́? Àpò tàtàṣé méjì ti jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́bọ̀ ni. Ọmọbìnrin kan wọlé, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó kúnlẹ̀ kí wa, "Ẹ kú ìtọ́jú o, Mà. Ẹ kú ìrójú, Sà." Kò bi ọmọ náà pé báwo ni ara. Ó yọ ọpọ́n ayò nínú àpò, ó pín ọmọ ayò ní mẹ́rin mẹ́rin sí ihò méjìlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ta á, ọwọ́ ọ̀tún ń bá ọwọ́ òsì ta. Ọmọ náà ń wò ó láti orí ìrọ̀rí. Ó pẹ́ díẹ̀, a kàn gbọ́ ohùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: "Àǹtí, ẹ ti ṣi í ta."

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Àǹtí kò wojú rẹ̀, ó ní, "Ibo ni mo ti ṣi í?" Ló bá di ayò. Ọmọ náà ní kó má jẹ́ kí òun jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ o. Ọmọbìnrin yìí kò sì ṣojú àánú rárá, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Inú bí ọmọ, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ Ajé, òun máa gbẹ̀san. Kí á tó mọ̀, ó ti béèrè ògì. Àǹtí wá yíjú sí ìyá: "Mà, ẹ lọ wẹ̀, kí ẹ sùn díẹ̀. Mo wà níbí títí di aago mẹ́fà. Bí dírípù bá dúró, mo mọ nọ́ọ̀sì tí màá pè."

Láti ọ̀sẹ̀ náà lọ, ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti dé, ìyá yẹn á wọ mọ́tò lọ sí ọjà. Ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀, àmọ́ ata kò jẹrà mọ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ kò sì tú lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo ní ìwé owó lọ́wọ́, ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kó wá sí ọ́fíìsì. Oṣù méjì àkọ́kọ́ nìkan ni kò rí nǹkan san lórí owó tó yá. Láti oṣù kẹta kò fo oṣù kankan, nígbà tó sì di oṣù kẹtàlá, ó ti san owó àti èlé rẹ̀ pé. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì sùn, wọ́n hanrun.

Mo wá fẹ́ kí Bàbá wa bá mi ṣírò. Ta ló bá wa gba owó yẹn padà? Èmi kọ́. Lẹ́tà ìkìlọ̀ tí mo máa ń kọ kọ́. Ọmọbìnrin kan tó fi owó oúnjẹ tirẹ̀ wọ mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni. Àwa la jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé mo ti sọ àánú di òwò. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mí. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ọmọbìnrin, tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń bá jà. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ọmọkùnrin, máa ń ka ìtàn fún un. Ọmọ yẹn kò yè é. Mo rí ọmọkùnrin náà lẹ́yìn ilé wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà, ó kọjú sí ògiri. Mo rò pé a ò tún ní fojú kàn án mọ́. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó wà níbẹ̀, ó ń kọ́ ọmọ mìíràn ní ìṣirò. Ìyẹn kò bá wa gba gbèsè kankan, síbẹ̀ n kò rí ohun tí mo lè fi wé e nínú gbogbo ohun tí mo ti rí láti ọdún tí mo ti ń kọ̀wé fún ẹgbẹ́.

WHO sọ pé ní àwọn ilẹ̀ olówó, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí jẹjẹrẹ mú, ó ju 80 lọ tó ń rí ìwòsàn. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí owó kò pọ̀ sí, wọn kì í tó 30. Àìsàn kan náà ni o! Lára ohun tó fà á ni pé a kì í tètè mọ̀ ọ́n, oògùn kì í sí lárọ̀ọ́wọ́tó, ọ̀pọ̀ òbí sì ń gbé ọmọ kúrò lágbedeméjì ìtọ́jú. Ní ọdún 2018, WHO bẹ̀rẹ̀ ètò kan pé nígbà tó bá fi máa di ọdún 2030, ó kéré tán, kí 60 nínú ọgọ́rùn-ún máa yè káàkiri ayé. Èmi fẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí gbígbé ọmọ kúrò lágbedeméjì yìí. A máa ń sọ pé àìmọ̀kan ni, pé àwọn òbí kò nígbàgbọ́ nínú dókítà. Irọ́ kọ́, ó wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú yìí ń gba oṣù púpọ̀, ti ẹ̀jẹ̀ sì máa ń gbà ju ọdún méjì lọ. Obìnrin tó jẹ́ pé ohun tó bá tà lónìí ló máa jẹ lọ́la, tó sì ní ọmọ mẹ́ta mìíràn nílé, báwo ni yóò ṣe jókòó ti bẹ́ẹ̀dì fún oṣù mẹ́fà? Bí kókó bá ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, tí ọmọ ń rẹ́rìn-ín, á ní ara rẹ̀ ti yá, á gbé e lọ sílé. Ó máa ń padà wá, á sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

(Ẹ jẹ́ n yà síbì kan díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń fà sí wọn lára, vincristine lorúkọ rẹ̀, láti ara òdòdó ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Madagascar ni òdòdó náà ti ṣẹ̀ wá, ó ń hù níwájú ilé ọ̀pọ̀ nínú wa, aláwọ̀ osùn tàbí funfun, ewúrẹ́ kì í fẹ́ fẹnu kàn án. Ẹ má tìtorí èyí lọ já a sè fún ọmọ o! Májèlé ni títí wọ́n á fi yọ ọ́ nílé iṣẹ́ oògùn, tí dókítà á sì wọ̀n ọ́n bí ẹní wọn wúrà.)

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Amẹ́ríkà, tọkọtìyàwó kan, Charles àti Irma Millard, pàdánù ọmọ wọn Christopher ní 1972, jẹjẹrẹ ló pa á ní ọmọ ọdún 14. Wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀, Four Diamonds, kí òbí mìíràn tó bá gbé ọmọ wá sí ọsibítù tí wọ́n ti tọ́jú tiwọn ní ìlú Hershey má bàa ru ẹrù owó mọ́ ìbànújẹ́. Láti 1977 ni àwọn ọmọ yunifásítì Penn State ti ń dá owó sí àpò náà. Ijó ni wọ́n fi ń dá a. Wọ́n á jó fún wákàtí 46, wọn kò gbọdọ̀ jókòó, wọn kò gbọdọ̀ sùn, àwọn èèyàn á sì máa dáwó nítorí tiwọn. Ní ọdún 2013 nìkan, owó tí wọ́n rí ju mílíọ̀nù 12 dọ́là lọ. Àwa náà mọ ijó jó, a sì mọ owó ná lójú agbo. Ẹ̀yin ẹ rántí ìnáwó tí a lọ lóṣù tó kọjá, n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó wù mí jù nínú tiwọn kì í ṣe owó. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní ẹbí ọmọ aláìsàn kan tó ń bá rìn láti ọdún dé ọdún. Wọ́n mọ orúkọ ọmọ, wọ́n mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọ́n mọ àwọn àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú.

Mi ò sọ pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ wọ́ọ̀dù ni áńgẹ́lì o. Mo ti rí àwọn tó wọ ẹ̀wù aṣọ-ẹgbẹ́ wá, tí wọ́n pín bisikíìtì, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọn kò sì padà wá mọ́. Ìyá ọlọ́mọ yìí kan náà ló rí fọ́tò ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú orí pípá àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú nínú fóònù ẹnìkan lọ́jà, ẹni náà kò mọ̀ pé òun ni ìyá rẹ̀, ó ń ní kó wá wo kàyéfì. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ yẹn ju ti ọsibítù lọ. Mo tún rí èyí tó ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró kí wọ́n máa gbààwẹ̀. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí ọmọ má gba oògùn kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ ẹgbẹ́ yìí wọ mọ́tò. Èyí tó sì tún burú ni ṣíṣèlérí fún ọmọdé láìwá. Ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ń ka ọjọ́. Bí Àǹtí bá ní ọjọ́ Ajé, láti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló ti ń wo ẹnu ọ̀nà.

Nítorí náà, bí a bá fọwọ́ sí i, èmi á fẹ́ kí á kọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀ fún wọn: kí nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù mọ orúkọ wọn, kí àwọn mẹ́fà kan náà máa lọ fún oṣù mẹ́fà náà, kí wọ́n má ya fọ́tò, kí ẹni tó bá ń húkọ́ dúró sílé. A ó máa fún wọn lówó lóṣooṣù, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú owó ìrànlọ́wọ́ ni yóò ti jáde, a kò ní fọwọ́ kan ìdákówó ẹnikẹ́ni, a kò sì ní fọwọ́ kan ìpín èrè.

Ní ti pé a kì í ṣe ẹgbẹ́ aláàánú, mo fara mọ́ Bàbá wa níbi kan: bí a bá ń fún gbogbo ẹni tó bá kọ lẹ́tà lówó, a ó ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ pa. Àmọ́ àwọn ahunṣọ àti oníṣẹ́ ọwọ́ 28 tó dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844, tí àwa ń tọ ipa wọn, kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n kó jọ fún. Ìlànà méje tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo àgbáyé fẹnu kò lé lórí ní 1995, ìkeje nínú rẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ máa bójú tó ìlú tó wà nínú rẹ̀. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì wa. Ẹ wò ó nígbà tí ẹ bá wá sanwó.

Nǹkan kejì tí mo fẹ́ mú wá sí ìpàdé náà kò sí nínú lẹ́tà àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Tèmi ni. Mo fẹ́ kí á tún òfin wa ṣe pé bí owó yíyá bá jẹ́ ti ìtọ́jú ọmọ ní ọsibítù, tí ìwé dókítà sì wà, kí Alága, Akápò àti èmi lè fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ méjì pẹ̀lú onídùúró kan, kí ìkejì wá fọwọ́ sí tirẹ̀ lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní akọ̀wé fẹ́ tú òfin ká. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ kó rántí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo sọ lókè yẹn.

Ẹ tún jẹ́ kí á rántí ẹ̀jẹ̀. Oògùn jẹjẹrẹ máa ń fa ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yìí lọ sílẹ̀, wọ́n sì máa ń nílò ti ẹlòmíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń fi tiwọn sílẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 nínú wa, tí ara rẹ̀ le, tí dókítà sì yẹ̀ ẹ́ wò, lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn kò sì ná ẹgbẹ́ ní nǹkan kan.

Ọmọ aláta wa ti parí ìtọ́jú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò, ó sì ti padà sí iléèwé. Nígbà tí mo bi í léèrè lóṣù tó kọjá pé ta ló ń jẹ nínú ayò báyìí, ó ní Àǹtí ti gboyè jáde, kò tíì sí ẹni tó lè bá òun ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀ ni ìpàdé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni a ó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ni a ó sì kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò kí ilẹ̀ má tún ṣú mọ́ wa lórí. Mo ti bẹ Bàbá wa pé kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n wá, kí wọ́n sọ tẹnu wọn ní kíkún. Méjì nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò wà níbẹ̀ fún ìbéèrè, ìyá aláta náà sì ní òun máa tètè pa ṣọ́ọ̀bù dé. Ẹ mú ìwé ìdákówó yín dání.